Òrùlé sílétì ilé ìjọ Grade II ní London: ṣé dandan ni kí a gba àṣẹ káńsù kí a tó pààrọ̀ rẹ̀?

Akọ̀wé_Ìjọ · Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ òrùlé ni mo gbé wá. Ṣápẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ni ìjọ wa ń lò ní gúúsù London. 1871 ni wọ́n kọ́ ọ, bíríkì ni ògiri rẹ̀, sílétì Wales ló wà lórí rẹ̀, Grade II sì ni ìpele rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé listed, ìyẹn ilé ìtàn tí òfin ń dáàbò bò. Ó ń jò ní ibi mẹ́rin, odindi sílétì sì ń yọ́ bọ́ sínú gọ́tà. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, òrùlé náà bo 215 sọ̀kúà mítà, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ díígírì 40.

Agbaṣẹ́ṣe kan ní kí a tú gbogbo rẹ̀, kí a fi táìlì kọnkéré rọ́pò. Ó ní owó rẹ̀ kéré, káńsù ò sì ní mọ̀ nítorí ògiri iwájú ga, kò sẹ́ni tó ń rí òrùlé láti títì. Ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní òfin yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Àwọn kan ní àtúnṣe lásán ni, kì í ṣe ìyípadà. Líìsì ni a fi gba ilé náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláàánú kan, ó ku ọdún 14. Ìjọ Aládùúrà tó dá dúró ni wá, a ò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ ìjọ kankan. Kí ni ká ṣe, ìwé wo ni ká kọ, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó?

Tọ́júIlé · Ajé, 9:25 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ kú akitiyan. Ẹ dá agbaṣẹ́ṣe yẹn dúró ná kó tó gun àkàbà.

Òfin tó de ilé yín ni Planning (Listed Buildings and Conservation Areas) Act 1990. Apá 7 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tí yóò yí bí ilé listed ṣe rí padà láìgba Listed Building Consent, àṣẹ tí gbogbo wa ń pè ní LBC. Apá 9 ní ọ̀daràn ni ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 2, owó ìtanràn kò sì ní gbèdéke. "Mi ò mọ̀ pé listed ni" kì í ṣe àwíjàre níwájú adájọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni òfin ń mú, àwọn trustee yín, ìyẹn alábòójútó ìjọ, wà lára wọn. Káńsù tún lè pàṣẹ pé kí ẹ tú táìlì kúrò, kí ẹ dá sílétì padà. Kò sí iye ọdún tí yóò kọjá tí wọn ò ní lè pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bóyá wọ́n ń rí òrùlé láti títì tàbí wọn ò rí i kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Listing bo gbogbo ilé, inú àti òde, iwájú àti ẹ̀yìn, títí kan ahéré tàbí ògiri tó wà nínú ọgbà rẹ̀ láti ṣáájú 1 July 1948. Ẹ lọ sí National Heritage List ti Historic England, àjọ tó ń bójú tó ilé ìtàn, ẹ tẹ orúkọ àdúgbò yín, ẹ tẹ ojú ìwé ilé náà jáde. Bí ìwé yẹn ò bá dárúkọ òrùlé, kò túmọ̀ sí pé òrùlé wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti pé òfin yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀: ní England, ẹgbẹ́ ìjọ márùn-ún péré ló ní àǹfààní yẹn, nítorí wọ́n ní ètò àṣẹ tiwọn tí ìjọba fọwọ́ sí. Àwọn ni Church of England, Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì, Baptist Union àti United Reformed Church. Aládùúrà, Pẹ́ńtíkọ́sì àti ìjọ tó dá dúró kò sí níbẹ̀, mọ́sáláṣí náà kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ káńsù ni tiyín.

Bàbá_Ìbejì · Ajé, 10:02 àárọ̀

Ìyẹn ni pé àwọn Áńgílíkà ń ṣe bó ṣe wù wọ́n, àwa la máa tọrọ àṣẹ?

Tọ́júIlé · Ajé, 10:20 àárọ̀

Rárá o, Bàbá. Àwọn Áńgílíkà ń gba ohun tí wọ́n ń pè ní faculty lọ́dọ̀ dáyósíìsì, ó sì máa ń le ju ti káńsù lọ nígbà mìíràn. LBC nìkan ni wọ́n yọ wọ́n sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá yí ojú òde ilé padà, àwọn náà gbọ́dọ̀ gba planning permission, ìyẹn àṣẹ ìkọ́lé, bíi gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, èyí kàn yín náà. Bí ẹ bá fi táìlì kọnkéré rọ́pò sílétì, ìwé méjì lẹ máa kọ: LBC àti planning permission. LBC kò ní owó fọ́ọ̀mù, planning permission ní. Bí sílétì bá padà sí ipò sílétì, ọ̀rọ̀ planning permission sábà máa ń kúrò níbẹ̀.

OníSílétì · Ajé, 12:47 ọ̀sán

Mo fẹ́ sọ ti òrùlé gan-an kí a tó rì sínú ìwé. Ta ló sọ pé òrùlé yẹn ti kú?

Sílétì Wales tó dára máa ń lo ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ìṣó irin ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ó á dípẹtà, orí rẹ̀ á já, odindi sílétì á yọ́ wálẹ̀ láìfọ́. Ohun tí Akọ̀wé ṣàlàyé yẹn náà ni: "odindi sílétì ń yọ́ bọ́ sínú gọ́tà". Ìṣó ló ti tán, sílétì lè ṣì wà lóòyẹ̀.

Ẹ mú mélòó kan nínú àwọn tó já bọ́. Ẹ fi ọ̀kan lé orí ìka, kí ẹ fi oríkèé ọwọ́ kan án. Bó bá dún gooro bí àwo tánganran, ó ṣì dára. Bó bá dún kúbú, tàbí tí etí rẹ̀ ń hó ní ìpele-ìpele bí ìwé tó rin, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ wo ihò ìṣó rẹ̀ náà: bó bá ti gbòòrò jù tàbí tó ya dé etí, ó ti bàjẹ́, àfi bí ẹ bá gé e kúrú.

Ibi tó ń jò náà ní ìtumọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀bá ògiri tàbí valley, níbi tí ìdagẹ̀rẹ̀ méjì ti pàdé, òjé ni kí ẹ fura sí kí ẹ tó fura sí sílétì. Òjé mítà 3 máa ń gùn sí i ní bíi mílímítà 5 láàrin òtútù alẹ́ ìgbà yìnyín àti oòrùn ọ̀sán ìgbà ooru. Bí wọ́n bá ti kàn án mọ́lẹ̀ ní odindi gígùn yẹn, kò ráyè nà, kò ráyè sún kì, á ya. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ òjé kan kò fi gbọdọ̀ ju mítà 1.5 lọ nínú valley. Òjé tí wọ́n ń pè ní Code 5 ni kí ẹ lò níbẹ̀, sísanra rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2.24. Code 4, tó jẹ́ 1.80, ti tó fún ẹ̀bá ògiri.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fọ́n fóòmù sí abẹ́ sílétì láti inú àjà kó lè dì í mú, ẹ lé e jáde. Fóòmù á sé ọ̀rinrin mọ́ igi ráfítà, igi á jẹrà níbi tí ojú ò tó. Sílétì tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ fóòmù kì í ṣeé tún lò mọ́.

Akọ̀wé_Ìjọ · Ajé, 1:30 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Bó bá jẹ́ pé ìṣó ni, tí a sì dá sílétì kan náà padà, ṣé ìyẹn ò ti di àtúnṣe tí kò gba àṣẹ?

Tọ́júIlé · Ajé, 2:15 ọ̀sán

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Lóòótọ́, àtúnṣe tó lo ohun kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọ̀nà iṣẹ́ kan náà, tí kò yí ìrísí ilé padà, kò sábà gba LBC. Kí ẹ pààrọ̀ sílétì ogún tó já, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú gbogbo òrùlé sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan kéékèèké ló ń yọ́ wọlé: sílétì Spain dípò ti Wales, ìwọ̀n tó yàtọ̀, ihò afẹ́fẹ́ oníke lórí òrùlé, ìbòrí tuntun lábẹ́ sílétì tó gbé òrùlé sókè, táìlì orí góńgó tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè sọ "àtúnṣe" di "ìyípadà". Ọ̀dọ̀ káńsù ni ìpinnu yẹn wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe.

Ẹ má gba ìdáhùn orí fóònù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè bèèrè pre-application advice, ìyẹn ìmọ̀ràn kí ẹ tó kọ̀wé: káńsù á gba owó, òṣìṣẹ́ conservation, ẹni tó ń bójú tó ilé àtijọ́ fún wọn, á wá wò ó, á sì kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ lè bèèrè Certificate of Lawfulness of Proposed Works, ìyẹn ìwé tó fi múlẹ̀ pé iṣẹ́ tí ẹ ṣàpèjúwe kò gba LBC. Ọ̀fẹ́ ni, òfin sì dá a mọ̀. Tàbí kí ẹ kọ LBC tààrà.

Fún òrùlé tí ẹ máa tú pátápátá, èmi á kọ LBC. Certificate bo ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ nìkan. Òrùlé ọdún 150 kì í sì í pa gbogbo àṣírí rẹ̀ mọ́ bí ẹ bá ti ṣí i. Bí ẹ bá rí ráfítà tó jẹrà ní ọjọ́ kẹta iṣẹ́, ẹ ti jáde kúrò nínú ohun tí certificate sọ nìyẹn.

Bàbá_Ìbejì · Ajé, 3:05 ọ̀sán

Òjò tó ń rọ̀ lónìí ńkọ́? Kí wọ́n dúró de káńsù kí àjà wó lé ìjọ lórí?

Tọ́júIlé · Ajé, 3:22 ọ̀sán

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró, Bàbá. Tápólì, gọ́tà tí a kó pàǹtí inú rẹ̀, sílétì mélòó kan tí a fi ìkọ́ òjé tàbí bàbà dá padà fún ìgbà díẹ̀: kò sí èyí tó gba àṣẹ níbẹ̀. Òfin tún fàyè gba iṣẹ́ pàjáwìrì, ṣùgbọ́n àwọn àmúyẹ rẹ̀ le. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kánjúkánjú fún ààbò ènìyàn, ìlera tàbí ilé fúnra rẹ̀. Kí ó má ṣeé fi àtúnṣe tàbí ìbòrí ìgbà díẹ̀ yanjú. Kí ó mọ sórí ohun tó pọn dandan. Kí ẹ sì kọ̀wé sí káńsù ní kíákíá. Táìlì kọnkéré tuntun káàkiri òrùlé kò lè wọ inú ìyẹn láéláé.

OníSílétì · Ajé, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí ìwé tó sọ pé "a fẹ́ pààrọ̀ òrùlé" kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ conservation sùn. Ìwé tó ní iye nínú ló máa ń tètè jáde.

215 sọ̀kúà mítà tí ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ kọ́ ni ẹ máa bò. Ní díígírì 40, ẹ fi 1.305 sọ ọ́ di púpọ̀: ó jẹ́ bíi 280. Ká ní sílétì yín jẹ́ ínǹṣì 20 sí 10, ìyẹn bíi mílímítà 500 sí 250, èyí tó wọ́pọ̀ ní ayé ìgbà yẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbà mí gbọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń gun orí ìlà kejì, ìdí rẹ̀ á sì tún bo orí ìlà kẹta díẹ̀. Bí ohun tó bo ìlà kẹta bá jẹ́ 100, ohun tó hàn síta jẹ́ 500 dín 100, kí a pín in sí méjì: 200. Sílétì kan wá bo 200 sí 250, ìyẹn 20 fún sọ̀kúà mítà kan.

280 lọ́nà 20 jẹ́ 5,600. Bí ẹ bá rí ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún gbà padà, ẹ ti ní 3,360. Ó ku 2,240. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún èyí tó máa fọ́, ó di bíi 2,460. Ìṣó bàbà mílímítà 38, méjì fún ẹyọ kan: 11,200. Igi batten tí à ń kan sílétì mọ́, mítà 5 fún sọ̀kúà mítà kan: mítà 1,400 kí ẹ tó fi ti àgékù kún un. 50 sí 25 ni kí ẹ rà bí ráfítà kò bá jìnnà síra ju 600 lọ.

Kọnkéré tí agbaṣẹ́ṣe yẹn fẹ́ gbé wá ńkọ́? Sílétì sábà máa ń wúwo tó kílò 30 fún sọ̀kúà mítà, táìlì kọnkéré máa ń wà ní 45 sókè. 15 lọ́nà 280: ẹ ti fi ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù 4 kún orí igi tí wọ́n gé fún sílétì ní 1871. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ ó rí i tí góńgó òrùlé tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ẹṣin arúgbó, ògiri á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì síta. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ á padà jáde lára igi.

Ìyá_Àdán · Ìṣẹ́gun, 7:55 àárọ̀

Gbogbo yín ti gbàgbé àdán. Orúkọ tí wọ́n fi ń yọ mí lẹ́nu nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni.

Òfin dáàbò bo gbogbo irú àdán ní Britain, àti ibùgbé wọn, kódà bí àdán kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà. Abẹ́ sílétì, abẹ́ òjé àti ihò ẹnu ògiri ṣápẹ́ẹ̀lì àtijọ́ jẹ́ ààfin fún wọn. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí onímọ̀ wá yẹ ilé wò lọ́sàn-án, èyí ṣeé ṣe nígbàkigbà nínú ọdún. Bó bá rí àmì, á ní kí wọ́n ṣọ́ àdán tó ń jáde lálẹ́, ìyẹn kò ṣeé ṣe àfi láàrin May sí September. Bí ẹ bá kọ ìwé ní October tí káńsù sì bèèrè èsì àdán, May tó ń bọ̀ lẹ ó dúró dè. Káńsù kì í fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àdán sínú àdéhùn tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn àṣẹ, wọ́n fẹ́ rí i kí wọ́n tó pinnu.

Bí àdán bá wà, ẹ ó gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Natural England, àjọ tó ń bójú tó ẹranko igbó, lẹ́yìn ti káńsù, iṣẹ́ á sì yẹra fún ìgbà tí wọ́n ń tọ́mọ àti ìgbà tí wọ́n ń sùn nínú òtútù. Ìyẹn sábà máa ń ti ìtúlé sí September tàbí October, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé. Ẹ tún ṣọ́ irú ìbòrí tí ẹ máa tẹ́ sí abẹ́ sílétì. Àwọn tuntun tí wọ́n fi fọ́nrán oníke hun máa ń tú, àdán á há sínú rẹ̀, á sì kú. Bí ibùgbé wọn bá wà níbẹ̀, fẹ́lítì bítúmẹ̀nì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 1F ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ lò.

Láàrin March sí August, ẹ wo ìtẹ́ ẹyẹ náà. A kì í tú ìtẹ́ tí ẹyin tàbí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Akọ̀wé_Ìjọ · Ìṣẹ́gun, 9:10 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ ṣeun. Ìgbìmọ̀ ò ronú kan àdán rárá. Àwọn ìwé wo gan-an ni a máa kó jọ, ẹ jọ̀ọ́? Àti pé ṣé onílé gbọ́dọ̀ mọ̀?

Tọ́júIlé · Ìṣẹ́gun, 10:30 àárọ̀

Onílé gbọ́dọ̀ mọ̀, lọ́nà méjì. Ní ti káńsù, ẹni tó bá ní ilẹ̀ àti ẹni tí líìsì rẹ̀ ku ọdún 7 ó kéré tán ni wọ́n kà sí olówó ilé. Ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ aláàánú yẹn wá jẹ́ olówó ilé méjèèjì. Nítorí náà, nínú fọ́ọ̀mù, Certificate B tó sọ pé ẹlòmíràn náà ni ilé ni ẹ máa fọwọ́ sí, kì í ṣe A tó sọ pé ẹ̀yin nìkan ni, ẹ ó sì fi ìwé ìfilọ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Bí ẹ bá fọwọ́ sí A, ìwé tí kò tọ̀nà lẹ fi sílẹ̀, ó sì lè ba àṣẹ jẹ́. Ọ̀nà kejì ni líìsì fúnra rẹ̀. Ẹ kà á: ta ló ni àtúnṣe òrùlé, ṣé ẹ nílò ìyọ̀ǹda onílé? LBC kì í rọ́pò ìyọ̀ǹda onílé. Mo ti rí líìsì tó gbé gbogbo òrùlé lé ayálégbé lórí, àti èyí tó jẹ́ pé onílé ló yẹ kó sanwó, tí ìjọ sì ń sá káàkiri torí ẹnikẹ́ni ò ka ojú ìwé 19.

Orí Planning Portal, ojú òpó ayélujára fún irú ìwé yìí, ni ẹ ti máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Máàpù 1:1250 tí ẹ fi ìlà pupa yí ilé ká. Àwòrán ọgbà, 1:500 tàbí 1:200. Àwòrán òrùlé àti ojú ilé bó ṣe wà àti bó ṣe máa rí, 1:50 tàbí 1:100. Àwòrán ńlá, 1:5 tàbí 1:10, fún etí òrùlé, góńgó, valley àti ibi tí òrùlé ti kan ògiri. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ conservation máa ń tẹjú mọ́ jù. Àwòrán fóònù tó mọ́lẹ̀, tí ẹ fi nọ́ńbà sí, tí ẹ sì sàmì ibi tí ẹ ti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àwòrán òrùlé. Design and Access Statement, ìyẹn àlàyé lórí bí ẹ ṣe gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ àti bí ènìyàn ṣe ń wọlé, kò ní gùn. Èsì àdán. Lẹ́yìn náà ni ìwé méjì tó ń gbé ẹjọ́ yín ró: àkójọ iṣẹ́ àti Heritage Statement, ìyẹn àlàyé lórí iyì ilé náà.

Àkójọ iṣẹ́ ni ìṣirò OníSílétì wà fún: iye tí ẹ máa tún lò, iye tuntun, ibi tí wọ́n ti máa wà á, ìwọ̀n rẹ̀, ìṣó, òjé, láìmù tí ẹ máa fi lẹ góńgó.

Heritage Statement ni àwọn ènìyàn ń fi ìtàn kún. Wọ́n á da gbogbo ìtàn àdúgbò láti ayé Ọbabìnrin Victoria sínú rẹ̀, ojú ìwé 30, kò sí òrùlé kankan níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni káńsù ń wá: kí ló ṣe pàtàkì nínú òrùlé yìí, kí ni iṣẹ́ yín máa ṣe sí i, kí ló dé tí kò sí ọ̀nà mìíràn tó dín ìbàjẹ́ kù. Ojú ìwé 6 tó dá lé òrùlé dára ju 30 lọ. Ẹ má sì kọ ọ́ pé òrùlé tuntun máa dára ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ conservation kò mọ òwe "ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i", bí wọ́n bá sì mọ̀ ọ́n wọn ò ní gbà á.

Bí ìwé bá pé, ọ̀sẹ̀ 8 ni òfin fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n gbà pé ìwé pé ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ọjọ́ 21 nínú rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn láti sọ̀rọ̀. Ní Grade I àti II*, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó Historic England létí. Ní Grade II, òṣìṣẹ́ káńsù fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù. Ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin ọdún 3 lẹ́yìn àṣẹ, àfi bí ìwé àṣẹ bá sọ ohun mìíràn. Bí wọ́n bá kọ̀, oṣù 6 lẹ ní láti pẹjọ́.

Àbúrò_Sólà · Ìṣẹ́gun, 11:18 àárọ̀

Ṣé a ò lè kúkú fi páńẹ́lì sólà kún un nígbà tí scaffold bá wà lókè? Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ń bèèrè.

Tọ́júIlé · Ìṣẹ́gun, 11:40 àárọ̀

Àbúrò, ó ṣeé bèèrè, ṣùgbọ́n ó gba LBC tirẹ̀. Bí ẹ bá dì í pọ̀ mọ́ ti òrùlé, àríyànjiyàn sólà lè dá òrùlé tó ń jò dúró. Ẹ ya ìwé wọn sọ́tọ̀.

Bàbá_Ìbejì · Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹ ti kó gbogbo ìwé jọ, ẹ ò dárúkọ owó. Òtútù inú ilé yẹn náà ńkọ́? Kí wọ́n ti fi nǹkan amóoru sí abẹ́ sílétì ní ẹ̀ẹ̀kan náà.

OníSílétì · Ìṣẹ́gun, 1:45 ọ̀sán

Mo mú ti òtútù. Bí ẹ bá fi nǹkan amóoru sáàrin ráfítà àti lókè rẹ̀, sílétì á gòkè ní mílímítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí òrùlé á nípọn, òjé ẹ̀bá ògiri á kúrú, gọ́tà á jìnnà sí ẹnu sílétì. Káńsù á kọ̀ ọ́, wọ́n sì jàre. Bí àjà bá wà, orí àjà ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ ní etí òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ènìyàn 200 tó ń kọrin, tó ń jó fún wákàtí mẹ́rin nínú ilé tútù, èémí wọn á gòkè lọ di omi lábẹ́ sílétì. Omi yẹn á kán sílẹ̀ bí òjò, wọ́n á sì tún pe èmi wá wo òrùlé tí kò jò.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé Building Regulations, ìyẹn ìlànà ìkọ́lé, fipá mú yín láti fi nǹkan amóoru sí i torí pé ẹ ń pààrọ̀ ju ìdajì òrùlé lọ, ẹ rán an létí pé ilé ìsìn wà lára àwọn tí wọ́n yọ kúrò nínú òfin dídín agbára iná kù yẹn.

Tọ́júIlé · Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Mo mú ti owó. VAT orí iṣẹ́ yìí jẹ́ ìpín 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́lẹ̀, ìyípadà tó ní LBC kì í san VAT. Wọ́n mú ìyẹn kúrò ní October 2012, ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà ìjọ ṣì ń fúnni lórí rẹ̀ ti gbó. Listed Places of Worship Grant Scheme ni wọ́n fi ń dá VAT padà fún ilé ìsìn listed títí di March 2026. Ní April 2025 ni ìjọba fi gbèdéke £25,000 lọ́dún sí i fún ilé kọ̀ọ̀kan, March 2026 sì ni àkókò rẹ̀ parí, nítorí náà ẹ má gbé ìṣirò yín ka orí rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí National Churches Trust àti National Lottery Heritage Fund. Wọn kì í sábà sanwó fún iṣẹ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, wọ́n á sì wo iye ọdún tó kù nínú líìsì yín. Bí onílé bá lè fi kún un, ìsinsìnyí ni kí ẹ bèèrè.

Ẹ pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kí scaffold tó gòkè. Wọ́n á bèèrè nípa iṣẹ́ iná tí wọ́n fi ń jó òjé pọ̀, àti nípa olè òjé, torí àkàbà lẹ bá olè gbé kalẹ̀ yẹn. Bí scaffold bá tẹ ojú títì, káńsù ní ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ fún un. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n wá asbestos kí wọ́n tó tú ohunkóhun, nítorí àtúnṣe àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá kún fún un.

Ọmọ_Popo_Àgùdà · Ìṣẹ́gun, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú bí mo ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Ilé àwọn Àgùdà ní Èkó tí páànù rẹ̀ ti lu, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti ń gba irú àṣẹ yìí?

Tọ́júIlé · Ìṣẹ́gun, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Bó bá jẹ́ èyí tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní national monument, ọ̀dọ̀ National Commission for Museums and Monuments ni, ìwé ìkọ́lé ti ìpínlẹ̀ kò rọ́pò rẹ̀. Ilojo Bar ní Tinubu Square wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní September 2016. Òfin wà lórí ìwé, ẹni tó máa dúró tì í ló ṣọ̀wọ́n. Ilé tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kò ní ààbò yẹn rárá.

Akọ̀wé_Ìjọ · Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀

Ìgbìmọ̀ ti ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná, wọ́n dá agbaṣẹ́ṣe yẹn dúró. Ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n ní káńsù sábà máa ń fi àdéhùn sínú àṣẹ pé kí a mú sílétì wá kí wọ́n wò ó. Ṣé a lè ti ra 2,460 yẹn sílẹ̀ kí owó rẹ̀ má baà gòkè?

Tọ́júIlé · Ọjọ́rú, 8:50 àárọ̀

Ẹ má rà á. Ẹ ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ẹ kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti wà á sí i lẹ́yìn, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ tí ẹ ti fọ̀. Ẹ rin méjèèjì lómi kí òṣìṣẹ́ tó wò ó, torí àwọ̀ sílétì gbígbẹ máa ń tan ojú jẹ. Ìwé tí ẹ fi ń parí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lórí LBC kò ní owó, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ 8 mìíràn. Ẹ fi í sínú kàlẹ́ńdà kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ scaffold, nítorí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gba owó rẹ̀ bó bá kọjá àkókò. Tàbí kẹ̀, ẹ fi àpẹẹrẹ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé LBC láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ti gbà á, àdéhùn yẹn kò ní sí nínú àṣẹ.

OníSílétì · Ọjọ́rú, 9:35 àárọ̀

Ẹ kọ ọ́ sínú àkójọ iṣẹ́ pé sílétì àtijọ́ máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí tuntun wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tí ojú ń tó jù ni kí ẹ fi àtijọ́ bò. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, òrùlé á rí ṣákaṣàka, sísanra wọn kò sì ní bára mu, afẹ́fẹ́ á máa gbé wọn.

Kí àwọn tó ń tú u sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Bí wọ́n bá ń jù ú sínú skip, àpótí ńlá tí à ń kó pàǹtí sí, láti òkè, ìpín 60 tí a ṣírò á di 20. Kí wọ́n tò ó ní ìdúró lórí pákó, kí wọ́n má dà á ní ìdùbúlẹ̀. Kí wọ́n sì pín in sí mẹ́ta bó ṣe sanra tó: èyí tó nípọn lọ sí ìsàlẹ̀ níbi gọ́tà, ti àárín sí àárín, èyí tó fẹ́lẹ́ sí òkè lẹ́bàá góńgó.